Àmì Ọ̀dà Pupa

Ní agogo mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n fún mi ní agolo ọ̀dà,
búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ti ń re,
àti ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí láìkà á:
"Ọkọ̀ tí kò bá yí táyà fún ọgbọ̀n ọjọ́,
ẹ sàmì sí i. Ọjọ́ méje. Ká wọ́ ọ lọ.
Àjákù páànù, bátìrì tó ti kú, táyà tó ń gba omi òjò,
ẹ sàmì sí i."
Èmi Ṣówùnmí, wolé-wolé, mo gun òkè Ìtọ́kò.

Mo sàmì sí Dátsùn kan ní ojúde mọ́ṣáláṣí,
mo sàmì sí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí kò ní ojú mọ́,
mo sàmì sí fìríìjì méjì. Ìwé ò dárúkọ fìríìjì.
Ọwọ́ mi ló ti gbóná.

Agbo ilé Ìyá Sẹ́líátù ni búrọ́ọ̀ṣì ti dúró.
Pijó aláwọ̀ eérú, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀,
táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀ bí ẹni tó kúnlẹ̀ kí àna.
Adìyẹ kan sàba lórí àga awakọ̀,
ó wò mí bí ẹni pé èmi ni n kò ní láísẹ́ńsì.

Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ yìí, ẹ ti pa á tì."
Ẹ̀wà ló ń ṣà. Kò gbójú sókè.
"Ta ló pa á tì?
Àràárọ̀ ni mo ń fi àkísà nu gíláàsì rẹ̀.
Láwàní gbé e dúró síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ti Ayétòrò dé,
ó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun, òun fẹ́ nà sílẹ̀ díẹ̀.
Ohun tí a pa tì kọ́ nìyẹn.
Ohun tó ń dúró de ẹni ni."

Mo ní òfin ni. Mo ní ẹ̀fọn. Mo ní ejò.
Mo ní ìpẹtà ń ro sínú ilẹ̀, òjò á gbé e dé odò Ògùn.
Ìgbà yẹn ló wá gbójú sókè,
ó fi ọwọ́ tó mú ẹ̀wà nàka sí ìsàlẹ̀ òkè,
níbi tí òrùlé ti gun òrùlé,
gbogbo rẹ̀ pọ́n bí obì tó ti gbó.
"Tí ìpẹtà bá di ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ mi,
ọ̀dà ọwọ́ rẹ ò ní tó kun Abẹ́òkúta.
Àti pé ẹni tí yóò gbálẹ̀ fún mi,
ìyẹ̀wù tirẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ yọjú wò.
Ọkọ̀ akólẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì yín,
ó ti dé ààtàn rí?"

N kò fèsì.
Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni gbogbo wa ti ń tọ̀.

Ní Lafẹ́ńwá, Kámọ́rù onírin àlòkù ti gbé òṣùwọ̀n síta.
"Ọ̀gá, mélòó lẹ sàmì sí lónìí?
Ẹ máa sàmì lọ o, irin ti gbówó lórí."
Ó ń fojú wọn agolo ọwọ́ mi.

Ọkọ̀ akólẹ̀ wà níbẹ̀, bó ti wà látìgbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́.
Ìbẹ́pẹ ti yọ láàárín pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti so mẹ́ta.
Lára ilẹ̀kùn, lẹ́tà tó ṣẹ́kù ni ÌLÚ WA MỌ́.
Ìpẹtà ti jẹ ohun tó tẹ̀lé e.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dé ọrùn,
mo fa ìlà kan, mo fa èkejì kọjá lórí rẹ̀.
Mo kọ déètì. Mo kọ ỌJỌ́ MÉJE.

Ọjọ́ karùn-ún nìyí. Ọ̀gá ti bi gbogbo ọ́fíìsì
ta ló ṣe é; kò tíì wo èékánná mi.
Kámọ́rù ti wá lẹ́ẹ̀mejì, ó fi òòlù kan ara ọkọ̀,
ó fetí sí ìró rẹ̀ bí ẹni tó ń ra àgbọn.

Ti Pijó Ìtọ́kò, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi:
Mo bá awakọ̀ nídìí ọkọ̀. Ó ń sàba.
N ó padà lọ wò ó bí ẹyin bá pa.